Bàbá Gbọ́dọ̀ àti Òfin Kẹsàn-án

Ní èbúté Iwopin, bí ẹ bá béèrè Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah Ọlátúbọ̀sún, wọ́n á máa wojú ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Bàbá Gbọ́dọ̀ lẹ ń wí, ẹlẹ́ja á rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe á gbé àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n á sì sọ ìtàn pátákó fún yín kí ẹ tó rí ọkọ̀ wọ̀.

Ọdún 2009 ni. Bàbá ń lọ sí Òde-Omi, ó gbé kọ̀ǹpútà kan dání nínú páálí fún ilé ìwòsàn kékeré tó wà níbẹ̀. Èrò mẹ́wàá ti jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi Síkírù, ẹ́ńjìnnì ti ń kùn, òun nìkan ló kù. Ó ku díẹ̀ kó gbé ẹsẹ̀ wọlé ni ojú rẹ̀ bọ́ sára pátákó tí wọ́n kàn mọ́ igi létí omi: Ó YẸ KÍ GBOGBO ÈRÒ WỌ LÁÌFÙ JÁKẸ́Ẹ̀TÌ.

Ó fa ẹsẹ̀ padà.

"Síkírù, ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ìjọba ló ní ká kọ ọ́."

"Ìjọba ní kí o kọ 'ó yẹ'?"

"Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé kí èrò wọ jákẹ́ẹ̀tì. Mo sì kọ ọ́."

"Èwo ló wọ̀ ọ́ nínú àwọn tó jókòó yìí?"

Síkírù wo inú ọkọ̀. Kò sí ẹnì kankan. Obìnrin ẹlẹ́ja kan tiẹ̀ ti ká jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ mọ́ orí, ó fi ṣe òṣùká agbọ̀n.

"O rí i?" ni Bàbá wí. "Ó yẹ kí n dín ẹran kù. Ó yẹ kí àwọn àna mi máa wá kí mi. Ṣé ẹ rí wọn nílé mi? Ṣùgbọ́n omi kì í bèèrè ohun tó yẹ lọ́wọ́ ẹni. Kọ 'gbọ́dọ̀' síbẹ̀."

Àwọn èrò pariwo. Ẹnì kan ní ẹja òun á bàjẹ́, ẹlòmíràn ní ìyàwó òun ń rọbí. Bàbá gbá páálí mọ́ àyà, ó dúró lórí okùn ọkọ̀, kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó tó ogójì ìṣẹ́jú, Síkírù bọ́ sílẹ̀, ó wá ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, ó pa ti àtijọ́ rẹ́, ó kọ tuntun: GBOGBO ÈRÒ GBỌ́DỌ̀ WỌ LÁÌFÙ JÁKẸ́Ẹ̀TÌ. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó ṣe wẹ́kú, kí wọ́n wá pín jákẹ́ẹ̀tì.

Jákẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá ló wà nínú ọkọ̀.

Wọ́n ka èrò, wọ́n tún wọn kà. Ẹlẹ́ja ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Síkírù tọ́ka sí pátákó tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ ò lè wọlé. Gbọ́dọ̀ ni." Ọkọ̀ ṣí. Bàbá jókòó létí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta gbáko, ó sì ń fi pátákó han gbogbo ẹni tó bá kọjá, nítorí òfin rẹ̀ ti mú ẹnì kan lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́ gan-an.

Ọmọ bíbí Atikori ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Yàrá kọ̀ǹpútà ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìntì. Ó wà níbẹ̀ láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo wà, tí wọ́n ń fi aṣọ bò ó lórí bí ìyàwó tuntun. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bíró pupa kì í kúrò ní àpò àyà rẹ̀. Bí inú bá bí i, Ìjẹ̀bú tó máa ń sọ jinlẹ̀ débi pé àwọn ará Òkè-Ògùn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ á rò pé ó ń gbàdúrà, wọ́n á sì ṣe àmín.

Ìyàwó rẹ̀, Màmá Leah, ló mọ ibi tí àrùn 'gbọ́dọ̀' náà ti wọ̀ ọ́ lára. Lọ́dún 1971, ìyá yìí ń ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Hezekiah sì ń kàwé n'Íbàdàn. Hezekiah kọ lẹ́tà olójú-ewé mẹ́rin sí i. Ó yin ojú, ó yin ọrùn, ó yin bó ṣe ń kọ bọ́ọ̀dù. Nísàlẹ̀ pátápátá ló tó sọ ọ̀rọ̀ gidi: "Mo lè fẹ́ ọ lọ́dún tó ń bọ̀."

Leah fi bíró pupa yí "lè" po, ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Òjò náà lè rọ̀," ó sì dá lẹ́tà padà.

Lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, Hezekiah wọlé pẹ̀lú bàbá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ méjì. "Èmi ni mo kọ́ ọ," ni Màmá Leah máa ń sọ. "Mi ò kàn mọ̀ pé yóò sọ ọ́ di iṣẹ́ ni."

Ó sọ ọ́ di iṣẹ́ lóòótọ́, kódà nínú ìjọ. Aládùúrà ni wọ́n, ní Atikori, Wòlíì Nathaniel ló sì ń darí wọn. Bí Wòlíì bá ní kí ìjọ tètè dé, Hezekiah á na ọwọ́, á bèèrè aago mélòó ni à ń pè ní tètè. Bí wọ́n bá kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, á fẹ́ mọ̀ bóyá òru wà nínú ọjọ́. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ara Wòlíì kò gbà á mọ́. Ó gbọn agogo, ó di ojú, ó ní, "Ẹ̀mí sọ pé kí Arákùnrin Hezekiah máa dákẹ́ nínú ilé ìsìn."

Gbogbo ìjọ ṣe "Halelúyà". Hezekiah dìde nínú sùtánà funfun rẹ̀, ó tẹríba.

"Wòlíì, mo gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ṣé 'dákẹ́' ni Ẹ̀mí sọ, àbí 'máa dákẹ́'? Torí pé 'máa dákẹ́' lè jẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

Irú ẹni tí yunifásítì pè padà lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì nìyẹn, tí wọ́n ní kó wá bá wọn kọ òfin.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn méje kan, Bàbá náà wà nínú wọn, kó ara wọn jọ ní Àgọ́-Ìwòyè láti ṣe sọfitiwia fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé àwọn ìlú etí omi. Wọ́n pè é ní Àkọsílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú orúkọ àwọn ọmọ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ti gbà. Alhaja Asimawu Bàdírù, ọ̀gá yàrá kọ̀ǹpútà, ni alága. Mùbàṣírù Sàláwù, ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wọn lọ, ló ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Àwọn ìwé àṣẹ pọ̀ nínú Àkọsílẹ̀. Ìwé àṣẹ ni ibi tí èèyàn ti ń to iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà ní ìlà-ìlà: ṣí èyí, ṣe ẹ̀dà tọ̀hún, pa ìyẹn rẹ́. Ṣẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ka ìwé náà nínú kọ̀ǹpútà tó sì ń ṣe ohun tó wà níbẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ṣẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn kọ̀ǹpútà tuntun tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè ní ṣẹ́ẹ̀lì ńlá tó gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn àlòkù tí wọ́n fi ta ilé ìwòsàn etí omi lọ́rẹ ní ṣẹ́ẹ̀lì kékeré tí kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ lọ. Ìwé tó ń ṣiṣẹ́ geere lórí ti àkọ́kọ́ lè dé ọ̀dọ̀ ìkejì kó di èdè àjèjì.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe fẹ́ kọ òfin tí gbogbo ẹni tó bá ń kọ ìwé àṣẹ fún Àkọsílẹ̀ yóò máa tẹ̀lé. Wọ́n rò pé òfin mẹ́sàn-án yóò gbà wọ́n ní ọjọ́ méjì.

Òfin kìíní sọ pé ìlà kìíní gbọ́dọ̀ dárúkọ ṣẹ́ẹ̀lì tí yóò ka ìwé náà. Bàbá bèèrè bóyá ìlà kìíní ni ìlà tó wà lókè pátápátá, àbí ìlà tí èèyàn kọ́kọ́ kọ. Wọ́n ní ọ̀kan náà ni. Ó ní òun mọ ọkùnrin kan tó máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà láti ìparí. Ọ̀sẹ̀ kan lọ lórí òfin kìíní, ọkùnrin tó ń kọ lẹ́tà láti ìparí náà sì wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé títí di òní.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni wọ́n dé òfin kẹsàn-án, òun sì ni òfin tó ṣe pàtàkì jù. Mùbàṣírù ló kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù: "Ó yẹ kí ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ lórí ṣẹ́ẹ̀lì kékeré."

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni. Bàbá fa bíró pupa yọ.

"Mùbàṣírù, 'ó yẹ' kọ́. Gbọ́dọ̀ ni."

"Bàbá, bí a bá kọ 'gbọ́dọ̀', ìdajì ohun tí mo ti kọ ni mo máa tún kọ. Ta ló tún ń lo ṣẹ́ẹ̀lì kékeré láyé ìsinsìnyí?"

"Òde-Omi."

"Wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn."

"Nígbà wo?"

"Ó yẹ kó jẹ́ lọ́dún yìí."

"Alhaja," ni Bàbá wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sọ 'ó yẹ'."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé òfin ìjọba ìbílẹ̀, ó ṣàlàyé òfin Mósè, ó ní Ọlọ́run kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó yẹ kó má jalè. Alhaja dìde, ó lọ kí ìrun Àílà, ó padà dé, ó bá a lórí gbólóhùn tó fi sílẹ̀. Ebi ń pa wọ́n. Ẹnì kan sùn, ó jí, ó tún sùn. Nígbà tí Alhaja kí ìrun Alásárì dé, aago mẹ́rin ti lu, Bàbá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé kókó ọ̀rọ̀ òun mẹ́ta ni, kí òun bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkọ́kọ́.

Alhaja ní kí wọ́n dìbò. Mẹ́fà dìbò fún "ó yẹ". Ẹnì kan dìbò fún "gbọ́dọ̀", ẹni náà sì béèrè kí wọ́n tún un kà.

Ọdún kan kọjá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, tí òjò ń rọ̀ bí ẹni yí garawa dà, Nọ́ọ̀sì Ìbíkẹ́ pe Bàbá láti Òde-Omi.

"Bàbá, ẹ kú ilé. Kọ̀ǹpútà ní kò sí ọmọ kankan ní Òde-Omi."

"Kí lo sọ?"

"Wọ́n gbé Àkọsílẹ̀ tuntun wá lánàá. A fi sínú ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ní ká fi í. Láti ìgbà náà, ìwé orúkọ ti ṣófo. Ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ó lé méjìlá, Bàbá. Mi ò rí ẹyọ kan."

Bàbá jókòó sílẹ̀. Màmá Leah ní òun rò pé wọ́n túfọ̀ fún un ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ìwé àṣẹ kan nínú Àkọsílẹ̀ tuntun ní láti bi kọ̀ǹpútà pé: ṣé ìwé orúkọ àwọn ọmọ ti wà nílẹ̀? Bó bá wà, má fọwọ́ kàn án. Bí kò bá sí, ṣí tuntun. Mùbàṣírù fi àmì ìkọ́ méjì-méjì, [[ àti ]], ti ìbéèrè náà ní iwájú àti ẹ̀yìn, bí ṣẹ́ẹ̀lì ńlá ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀lì kékeré Òde-Omi kò mọ ìkọ́ méjì. Kò gbọ́ ìbéèrè rárá, ó sì ka àìgbọ́ náà sí "kò sí". Bó ṣe ṣí ìwé tuntun lé ti àtijọ́ lórí nìyẹn, láìpariwo, láìtọrọ gáfárà. Ẹ̀dà ìwé orúkọ tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè sì ti pé ọdún méjì, kò ṣeé gbára lé mọ́.

Kò tíì parí síbẹ̀. Àrùn èèyi, tó máa ń sú sí àwọn ọmọdé lára, ti wọ ìletò kejì. Ọkọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ń bọ̀ ní Òde-Omi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọgọ́rùn-ún abẹ́rẹ́ péré ló sì wà nínú rẹ̀, fún àwọn ọmọ tí kò tíì gba ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bí kò bá sí ìwé orúkọ, ta ni yóò sọ àwọn tí wọ́n jẹ́?

Nígbà tí Bàbá dé Òde-Omi lọ́jọ́ kejì, Mùbàṣírù ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìwòsàn, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrọ̀fọ̀.

"Dìde," ni Bàbá wí. "Níbo ni Nọ́ọ̀sì wà? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Àwọn ìyá ní káàdì ní ọwọ́, àwọn kan sì ti sọ tiwọn nù. Wọ́n to ara wọn sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì Ìbíkẹ́ ń gba káàdì, Bàbá ń kà á sókè, Mùbàṣírù ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò bá ní káàdì, Nọ́ọ̀sì á wo apá ọmọ, á bi ìyá nípa ọjọ́, òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà tí wọ́n kó ẹja wá tàbí ìgbà tí omi kún, títí wọ́n á fi mọ oṣù tí ọmọ gba abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá àgbà kan mú ọmọ kékeré wá, ó fà á lọ́wọ́.

"Kí lorúkọ rẹ̀, Màmá?" ni Bàbá béèrè.

"Ọláníkẹ́."

"Sarah ló wà nínú káàdì."

"Ìyá rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀, Aládùúrà ni. Bàbá rẹ̀ ń pè é ní Mùtíátù. Èmi ń pè é ní Ọláníkẹ́."

"Màmá, ẹ mú ọ̀kan. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ kan ṣoṣo nínú ẹ̀rọ yìí. Òfin ni."

"Ta ló kọ òfin?"

"Èmi ni."

"Ẹ ti bímọ rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Orúkọ mélòó lẹ sọ àkọ́bí yín?"

Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó ń kà á lórí ìka. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Ọmọ́títí. Nígbà tí ìka ọwọ́ ọ̀tún tán, ó bọ́ sí ti òsì. Ó kù díẹ̀ kó dé ẹ̀kẹjọ ló sọ ọwọ́ sílẹ̀. Ìyá àgbà ń wò ó láìrẹ́rìn-ín. Bàbá fa bíró pupa yọ, ó ṣí ìwé òfin rẹ̀, ó fagi lé gbólóhùn ti àtijọ́, ó sì kọ òmíràn pé: "Ọmọ kan lè ní iye orúkọ tó bá wu ìyá-ìyá rẹ̀." Nínú gbogbo òfin tó kọ láyé rẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni "lè" wà, ìyá àgbà náà sì dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ tán, nítorí kò gbà á gbọ́.

Mùbàṣírù ń retí. Ó ti mọ̀ pé Bàbá yóò sọ pé "mo sọ ọ́, ẹ ò gbọ́." Ó retí rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ó retí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí Bàbá bá wúkọ́, á rò pé ó ti dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, nígbà tí wọ́n ń mu gàrí pẹ̀lú ẹja yíyan, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú sọ ọ́."

"Kí n sọ kí ni?"

"Pé èmi ni mo fà á. Pé ẹ ti sọ ọ́ láti ọdún tó kọjá."

Bàbá yọ egungun ẹja lẹ́nu, ó wò ó.

"Mùbàṣírù, ṣé o rú òfin?"

"Bàbá?"

"Òfin kẹsàn-án. Ṣé o rú u?"

Mùbàṣírù ronú. "Ó yẹ kí n tẹ̀lé e."

"Ó yẹ. Ó yẹ, o ò ṣe é, kò sì sí òfin tí o rú. Òfin ló burú. Àwa méje la kọ ọ́." Ó tún bu gàrí mu. "Kí n sọ òótọ́ fún ọ? Ká ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ì bá gbà fún mi. Ohun tí mo mọ̀ tọ́. Wákàtí méje tí mo fi sọ ọ́ ni kò tọ́. Kì í ṣe 'ó yẹ' lẹ dìbò fún. Ilé lẹ dìbò fún."

Mùbàṣírù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bá a. Bàbá ti àwo ẹja sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní kó jẹ ẹ́ nígbà tó gbóná, ó sì yí ojú sí omi títí tó fi nu ojú tán.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò. Nígbà tó ku orúkọ mẹ́rìnlá, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ bá àwọn ìyá tó kù ní àwọn abà tó wà nínú omi, tí kọ̀ǹpútà kò lè dé, wọ́n sì fi bíró kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀, ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Nọ́ọ̀sì Ìbíkẹ́ ní kí wọ́n tún un kà, pé méjìlá ló fi lé tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún un kà. Ọmọ mẹ́ta ti ń sáré kiri ní àwọn abà náà tí ẹ̀rọ kankan kò mọ̀ rí.

Ọkọ̀ abẹ́rẹ́ dé lọ́jọ́ kẹtàlá. Ìwé orúkọ wà nílẹ̀, àwọn ọmọ tó kan wà níbẹ̀, wọ́n sì ké títí ìlú fi gbọ́. Èèyi kò gbé ọmọ kankan lọ ní Òde-Omi lọ́dún náà.

Wọ́n tún pe ìpàdé ní Àgọ́-Ìwòyè. Mùbàṣírù fúnra rẹ̀ ló dìde, ó pa "ó yẹ kí" rẹ́ lójú bọ́ọ̀dù, ó kọ "gbọ́dọ̀". Àwọn méjèèje gbé ọwọ́ sókè. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀ gbà, àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn rò pé inú Bàbá yóò dùn. Nígbà tó délé, Màmá Leah bèèrè bí ìpàdé ṣe rí.

"Wọ́n gbà fún mi."

"Ẹ ṣé o, Jésù! Kí ló wá dé tí ẹ fajúro, Bàbá Ọmọ́títí?"

"Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn," ni Bàbá wí, ó sì kọ ìkọ́kọrẹ́ tó wà lórí tábìlì, èyí tí kò kọ̀ rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ Leah.

Ó pé ẹni àádọ́rin ọdún ní 2016, ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Ní ilé ìwòsàn, dókítà sọ fún un pé, "Bàbá, ó yẹ kí ẹ máa sinmi." Ó dúró títí dókítà fi jáde. Ó wá yí sí ìyàwó rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Leah, o gbọ́? Ó ní 'ó yẹ'." Ó sì ní kó fún òun ní bíró.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló kú, lójú oorun, ní ọ̀sán. Àwọn ará Atikori sin ín. Wòlíì Nathaniel gbé ìwàásù kalẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó bá sọ, á dúró díẹ̀, á wo àárín ìjọ, bí ẹni tó ń retí pé kí ẹnì kan na ọwọ́.

Ní oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n fẹ́ tẹ ìwé òfin Àkọsílẹ̀ tuntun jáde. Alhaja Asimawu ní kí wọ́n kọ gbólóhùn kan nípa Bàbá sí iwájú ìwé náà, wọ́n sì pe Màmá Leah wá jókòó pẹ̀lú wọn.

"Ẹ kọ pé: 'Bàbá tó kọ òfin wọ̀nyí'," ni ẹnì kan wí.

"Kì í ṣe òun nìkan ló kọ ọ́," ni ẹlòmíràn dáhùn. "Irọ́ nìyẹn."

"'Bàbá tí a kò lè gbàgbé.'"

"A lè gbàgbé," ni Mùbàṣírù wí. "Bí a bá dàgbà, a lè gbàgbé ohunkóhun. 'Tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé' ló tọ́."

"Ta ló máa fìyà jẹ wá bí a bá gbàgbé? Òfin tí kò ní ìjìyà, kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Ta ni 'a' tiẹ̀ ni? Ṣé àwa mẹ́fà yìí ni, àbí gbogbo ẹni tó bá ka ìwé náà?"

Wọ́n jiyàn lọ, wọ́n jiyàn bọ̀. Alhaja kí ìrun Àílà dé, ó bá wọn lórí "a". Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wọ́n, ó bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn wá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ẹ̀rín sì gba yàrá náà kan, tó bẹ́ẹ̀ tí Mùbàṣírù fi orí lé tábìlì.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, Màmá Leah ló sọ̀rọ̀.

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa ṣẹ́ẹ̀lì yín. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ bá a nídìí tábìlì. Ohun tó bá kọ, á kà á fún mi, á wá bi mí pé, 'Leah, ẹni tí kò sí níbí ńkọ́? Ṣé yóò yé e?'" Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Ẹ kọ ọ́ pé ó máa ń ro ti ẹni tí kò sí níbẹ̀."

Mùbàṣírù kọ ọ́. Alhaja bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní àtúnṣe. Kò sí. Lóde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde ní kíláàsì, ọ̀kadà ń pariwo ní ẹnu géètì.

"Ẹ bá mi kà á," ni Màmá Leah wí. "Mi ò mú gíláàsì ojú wá."

Mùbàṣírù dìde, ó kà á fún un, díẹ̀díẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ: Hezekiah Ọlátúbọ̀sún, ọmọ Atikori.